Itọ́ Ọmọ Ilé Kan Náà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ilẹ̀ òkèèrè ò tíì wọ inú egungun rẹ? Ṣé àwọn arúgbó tí o ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ń jẹ́ kí o sinmi díẹ̀, ṣé èyí tó máa ń bù ọ́ jẹ lọ́wọ́ ti dẹwọ́? Bí o bá béèrè wa, a ò kú, a ò sì ṣàìsàn tó ju ti ọjọ́ orí lọ. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lórí yìnyín. Kí inú ọ̀gá rẹ máa dùn nígbà tó bá rí ọ. Kí ilẹ̀ àjèjì má gbé ọ mì. Mo mọ̀ pé o ń bínú sí gbogbo wa, ṣùgbọ́n ṣe àmín sí i kí o tó ka ìyókù, torí ọ̀tọ̀ ni ìbínú, ọ̀tọ̀ ni àdúrà ìyá.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Má wò ó pé àwọn ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn, kíláàsì àgbà tí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣe fún wa ní ọjọ́ Sátidé ni mo ti kọ́ ọ, ó sì ní ọwọ́ mi ò burú fún ẹni tó ti fi ọwọ́ náà hun agbọ̀n fún ogójì ọdún. Fóònù ẹni tó ń ta káàdì ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ohùn sí ọ, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó fi hàn mí pé àmì kan ṣoṣo ló ń yọ nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ó ní bó bá jẹ́ méjì, ọ̀rọ̀ náà ti wọlé tọ̀ ọ́, bó bá jẹ́ kan, ó ti kúrò lọ́dọ̀ tiwa ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo wá ń rò ó pé níbo ló wá wà? Ọ̀rọ̀ mẹ́fà, gbogbo wọn tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ nínú òtútù, o ò ṣílẹ̀kùn fún ọ̀kan. Mo ní bóyá o ò gbọ́ kíkàn ni. Ó wo ojú mi, ó ní ìyá, bóyá ọmọ yín ló dí ọ̀nà náà pa. Mo ní ọmọ tèmi kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo jókòó, mo mọ̀ pé ìwọ ni.

Ilé wà bó ṣe wà. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò sórí àpótí bàbá rẹ, mo ti gbé abọ́ sí i. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Àbúrò rẹ obìnrin ṣì ń fọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì etí títì, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ lówó oṣù kan. Aláròyé ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, bó ti ń lajú ló ti ń sọ̀rọ̀, bó bá sùn tán á tún máa sọ ọ́ lójú oorun. Òun nìkan ló kù tó ń pariwo nínú ilé yìí. Mo ti ti yàrá ìyàwó rẹ pa. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, mo fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Apá aṣọ ilé-ìwé kan ṣì há sábẹ́ abẹ́rẹ́, torí ibi tó ti ń rán an ló wà nígbà tí o pè é, ó dìde, kò sì padà jókòó sí i mọ́. Ní ọjọ́ kejì ló kó ọmọ méjèèjì lọ sílé ìyá rẹ̀. Ìyá ọmọ tó ni aṣọ náà ti wá béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó ní sùúrù, aránṣọ rìnrìn àjò.

Ọ̀rọ̀ yìí ń gbóná nínú mi, jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ kó má bàa dà nù. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o fẹ́ kó ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ sọ́dọ̀, pé ìjọba ibẹ̀ ní kí o wá ṣe onígbọ̀wọ́ wọn, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ẹni tó jẹ gbèsè, tàbí ẹni tí ọlọ́pàá mú, ni àwa ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Mo fa ìyàwó rẹ sí kọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ló jí ní ìlú tí kò tíì dé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tún ní kí o kó ìwé owó rẹ wá kí wọ́n lè rí i pé agbára rẹ gbé e láti bọ́ wọn. Èmi ò rí irú ẹ̀ rí. Owó téèyàn ń tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí kí ojú má rí i, wọ́n ní kó lọ fi han àjèjì tó jókòó sẹ́yìn dígí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbàwẹ̀ lórí owó náà kí ojú wọn má baà wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ̀rí pé ẹ fẹ́ra yín lóòótọ́. Àwọn àgbà ìdílé méjì jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n yó, wọ́n súre, ìyẹn ò tó wọn. Wọ́n fẹ́ àwòrán. A kó gbogbo àwòrán ìgbéyàwó fún wọn, títí kan èyí tí bàbá rẹ ti di ojú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n tún pe ìyàwó rẹ lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, wọ́n bi í pé ẹ̀gbẹ́ wo lórí bẹ́ẹ̀dì ni ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí. Ojú ti ọmọ ọlọ́mọ, ó ń wolẹ̀. Èmi ni mo bá a dáhùn láti ẹ̀yìn, mo ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ni, láti kékeré ló ti ń bẹ̀rù kó má já bọ́. Ọkùnrin inú fóònù ní ta nìyẹn. Ìyàwó rẹ ní ìyá ọkọ òun ni. Ó ní kí ìyá ọkọ jọ̀ọ́ kúrò ní yàrá. Nínú ilé tí mo fi owó agbọ̀n kọ́ o! Mo jáde fún un nítorí tìrẹ.

Fọ́ọ̀mù kan tún wà tó ní kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé nínú ilé. Mo ní kí ìyàwó rẹ kọ mẹ́tàdínlógún. Ó ní àwa mẹ́fà péré ni. Mo ní àwọn tó lọ sí ìdálẹ̀ ńkọ́, ṣé nítorí pé wọn ò sí nílé ni kí á pa wọ́n rẹ́. Kò kọ wọ́n. Mo bínú sí i lórí ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ òun ló gbọ́n.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ itọ́ ẹnu àwọn ọmọ. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, torí ìwọ lo sọ fún wa pé o ti fún wọn ní tìrẹ níbẹ̀. O ní nítorí pé o ti lọ ní oṣù mẹ́rin kí á tó bí Ẹlẹ́rìn-ín àbíkẹ́yìn yín ni, pé ìwé ni wọ́n fẹ́ fi dí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Báyìí lo ṣe sọ ọ́, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwé wá dé. Wọ́n ní ti Ọ̀gá kékeré, àkọ́bí yín, bá tìrẹ mu, ti Ẹlẹ́rìn-ín kò bá a mu. O pe ìyàwó rẹ, o ò kí i. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì ẹ̀rọ, ó ti ṣí i kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ bó ti máa ń ṣe, torí inú àwọn ọmọ máa ń dùn sí i. Gbogbo ohun tí o sọ ni a gbọ́. O pè é ní orúkọ tí n kò lè fi gègé yìí kọ. O ní kó lọ wá ẹni tó fún un lóyún kó lọ bá a gbé. O ní o ti yọ ọwọ́ rẹ nínú onígbọ̀wọ́, ti òun, ti ọmọ tó jẹ́ tìrẹ àti èyí tí kì í ṣe tìrẹ. Ẹyin lohùn, ọmọ mi, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún márùn-ún, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì lọ́wọ́. Nígbà tí fóònù kú, ó wá bá mi nídìí agbọ̀n, ó ní màmá àgbà, ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe bàbá òun mọ́ ni. Mo ní kó lọ ṣeré.

Má rò pé èmi gbèjà ìyàwó rẹ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn. Nígbà tí o pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo rán ọ létí káfíńtà tó máa ń wá tún tábìlì ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Mo ní tábìlì wo la ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Mo ní ó máa ń jókòó pẹ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kí o má baà rò pé ìyá rẹ sùn. Nígbà tí àwọn ẹbí pé jọ ní òwúrọ̀ tí ìyàwó rẹ kúnlẹ̀ sí àárín wa, tó ń fi ọmọ rẹ̀ búra, mo jókòó, mo ń hun agbọ̀n mi lọ, mi ò gbé ojú sókè. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà náà o. Èmi gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ.

Gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí a kó àwọn ọmọ wá sí ọsibítù ńlá fún itọ́, aṣọ ilé-ìwé ogún ló wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ, wọ́n sì fẹ́ gbà á ní ọjọ́ kejì. Mo ní èmi á kó wọn lọ. Ó fọwọ́ sí ìwé fún mi. Ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín kún fún egbò lọ́jọ́ náà, tí omi bá kàn án, á ké. Mo wò ó, mo ní háà, ọmọ báyìí ni kí n mú lọ síwájú àwọn tó ń wá àléébù? Wọ́n á ní aláìsàn ni, wọ́n á ní kó má wá. Ẹni tó ń gbé ẹran lọ sọ́jà kì í mú èyí tó ń tiro. Èmi rò pé àrùn ni wọ́n ń wá nínú itọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń wá a nínú ìtọ̀ àwọn aboyún. Aláròyé jókòó síbẹ̀, ọdún márùn-ún kan náà, ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní, abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Nínú ilé yìí, ta ló ti béèrè rí pé ọmọ ta ni? Bí ọ̀kan bá ṣe ohun tí kò dáa, a ń na méjèèjì.

Mo wọ aṣọ Ẹlẹ́rìn-ín fún un, èyí tó wọ̀ nínú àwòrán ìwé ìrìnnà gan-an, kó lè bá a mu. Mo di irun rẹ̀ bíi ti inú àwòrán náà. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo fi sọ́dọ̀ àbúrò rẹ ní òtẹ́ẹ̀lì, mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún òun náà, torí mo fẹ́ kí ìyàwó rẹ rí i lẹ́yìn pé èmi náà gbọ́n. Mo halẹ̀ mọ́ Ọ̀gá kékeré pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ó sì pa á mọ́ títí dòní. Nínú ọkọ̀, mo ń kọ́ Aláròyé ní orúkọ tí yóò jẹ́. A dé ibẹ̀, ọmọbìnrin tó wọ ìbọ̀wọ́ bi í lórúkọ, ó dìde dúró, ó ní ìyá àgbà òun ní kí òun sọ pé Ẹlẹ́rìn-ín ni òun. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí gbọ́n o, ó fi igi kékeré tí wọ́n wé òwú mọ́ rọra nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kì í bọ àpò, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Mo ra bisikíìtì fún àwọn méjèèjì. Mo wálé pẹ̀lú ayọ̀, mo ní mo ti bá ọmọ mi ṣe é.

Nígbà tí ìwé dé, mi ò so ó pọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra fún ọ. Mo rò pé ẹ̀rọ yín ti rí ohun kan tí ojú wa kò rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé ewé oògùn lọ bá nọ́ọ̀sì ìlera wa, mo dọ́gbọ́n bi í, mo ní obìnrin kan wà ní abúlé kejì tó mú ọmọ kan dípò òmíràn lọ fún itọ́, ṣé ó lè ní wàhálà. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé tó ń kọ sílẹ̀. Ó ní itọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ bàbá rẹ̀, pé ó dà bí ìgbà tí a kọ orúkọ bàbá sínú ẹnu rẹ̀. Mo ní ṣùgbọ́n ilé kan náà ni wọ́n. Ó ní ìyá, itọ́ ò mọ ilé. Ó wá bi mí pé kí ni orúkọ obìnrin abúlé kejì náà. Mo dìde, mo gbàgbé ewé mi síbẹ̀.

Mo padà lọ bá a ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìwé tí ìyàwó rẹ fi sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó kà á fún mi. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún yín láti wá fi ẹ̀rí míì hàn, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti fáìlì náà pa, ti gbogbo wọn. Mo ka àwọn ọjọ́ náà lónìí, ó ku mẹ́tàlá.

Nítorí náà, ọmọ mi, ọmọ rẹ ni Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ kò ṣe nǹkan kan. Káfíńtà kò ṣe nǹkan kan, ẹsẹ̀ tábìlì náà ni kò dára, èmi fúnra mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún ti ń mì. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tìrẹ náà fún ọ, bí mo tiẹ̀ ń sunkún, mo ṣì ń ríran. Ọdún mẹ́fà ni ọmọbìnrin yìí fi dúró dè ọ́ nínú yàrá kan. O mọ̀ ọ́n kí o tó mọ òwú orí igi. O ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, o kàn ń ṣépè. Ìyá oníyàá lò ń wẹ̀ lójoojúmọ́ níbẹ̀, o ń gbọ́ ìsọkúsọ wọn, o ń ní sùúrù fún wọn nítorí owó. Ìyá ọmọ rẹ ò rí ìṣẹ́jú kan nínú sùúrù náà. Ó dùn mí wọ egungun.

Mi ò tíì sọ fún ìyàwó rẹ. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí fóònù, pàápàá fóònù ẹni tó ń ta káàdì, tí gbogbo ẹni tó wá ra káàdì máa ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo gbọ́dọ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé wọn, ọwọ́ mi ò sì gbọdọ̀ ṣófo, ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀, kí wọ́n má baà ní èmi ni mo dá wá. Nítorí náà, bí o bá ti rí lẹ́tà yìí, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, àlọ àti àbọ̀, ọ̀nà jìn, odidi ọjọ́ kan ni. Fi owó aṣọ kan sí i fún ìyàwó rẹ, má jẹ́ kó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Fi ti bàtà sí i fún Ẹlẹ́rìn-ín, èyí tó wọ̀ lọ ti ń fún un lẹ́sẹ̀. Kí o sì bá àwọn onífáìlì sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n tún wá gba itọ́ náà. Ẹnu ọmọ náà ti jinná pátápátá kó tó kúrò níbí. Bí wọ́n bá ń bínú, sọ fún wọn pé arúgbó ni mí, kí wọ́n kọ orúkọ mi sí ibi tí wọ́n bá ń kọ ẹlẹ́ṣẹ̀ sí. Wàá gba owó òrùlé náà rò nígbà míì, èyí ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Kí Ọlọ́run tún ilé rẹ ṣe níbi tí ọwọ́ mi ti bà á jẹ́. Kí o fi ojú rẹ rí ọmọbìnrin rẹ kó tó dàgbà ju ẹni tí a ń gbé lọ. Kí ẹnu tó bú u wá padà súre fún un. Kí ọmọ tí o bí má ṣe ọ́ ní irú oore tí mo ṣe ọ́. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.

Mo gbàgbé láti sọ ọ́. Mo ti lọ ṣe ìwádìí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lánàá kí n má baà ra sítáǹbù tí kò tó. Obìnrin ibẹ̀ ní oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń yára, ọjọ́ márùn-ún ló ń gbà, owó agbọ̀n mẹ́rin ni, mo sì ní in lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síta, àti iye tó tó. Mo ní ìwé ni. Ó ní ìwé kí ni, kí n ṣàlàyé. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi, ìyàwó káfíńtà wà nínú wọn. Mi ò lè purọ́ sórí fọ́ọ̀mù mọ́, mo ti rí ohun tó ń ṣe, mi ò sì lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Mo ní kó fún mi ní èyí tí kò ní fọ́ọ̀mù. Ó ní ìyẹn máa tó oṣù méjì kó tó dé, ó bi mí bóyá ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni. Mo ní rárá, ọmọ mi ni mo ń kọ̀wé sí.